Àbọ̀ lórí sítóòfù onígi mi: igi tútù ló fà á

Ẹ kú àdúrótì. Mo béèrè nígbà yẹn ìdí tí sítóòfù mi fi ń jẹ igi bí ẹni jẹ ẹ̀pà, tí ilé kò sì móoru, tí gíláàsì ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ń dúdú lálaalẹ́.

Igi ló jẹ̀bi. Ẹni tó ní kí n ra ẹ̀rọ tó ń wọn omi inú igi ló là mí lójú. Mo la ìtì kan, mo wọn inú rẹ̀ (ẹ má wọn ẹ̀yìn o, ẹ̀yìn a máa tanni jẹ): 31 nínú 100! Kò yẹ kó kọjá 20. Àṣé omi ni mo ń sè látọjọ́ yìí. Mo ṣa àwọn tó jẹ́ 17 sọ́tọ̀, àwọn ni mo ń dá báyìí, ilé sì móoru lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an.

Ìmọ̀ràn tí ẹ fún mi pé kí n to ìtì ńlá sísàlẹ̀ kí n sì ṣáná sí orí wọn, mo kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Èéfín ìbẹ̀rẹ̀ dínkù gidi.

Ìmọ̀ràn pé kí n dín afẹ́fẹ́ tó ń wọ sítóòfù kù ò fi bẹ́ẹ̀ ràn mí lọ́wọ́. Tí mo bá ṣe é kí igi tó gbiná dáadáa, gíláàsì á tún dúdú.

Ó ku okùn etí ilẹ̀kùn sítóòfù, èyí tó ń dí àlàfo ibẹ̀: mo fi ilẹ̀kùn há bébà, bébà náà yọ wọ́ọ́rọ́, okùn náà ò dí i mọ́. Màá pààrọ̀ rẹ̀. Màá sì ní kí wọ́n gbá ihò èéfín, torí ọ̀dà dúdú tí èéfín igi tútù fi síbẹ̀ lè gbiná. Ẹ ṣeun.