Agbabẹ ni, kì í ṣe àwo ìgé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi gbogbo. Ohun tó wà nílẹ̀ ni orúkọ tí a ó máa pe pátákó pélébé, rọ́bà líle tó mọ́ gaara, tí wọ́n ń tò sínú ẹ̀rọ kékeré tí a ń fọwọ́ yí láti gé bébà sí òdòdó, lẹ́tà tàbí labalábá, tí a sì tún fi ń tẹ àwòrán yọ lára káàdì. Ẹnì kan dábàá “àwo ìgé”. Ẹlòmíràn ní “ìtẹ́lẹ̀” ló tọ́. N kò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì, inú iṣẹ́ náà gan-an ni màá sì ti fi ìdí rẹ̀ hàn, torí orúkọ tí ò bá iṣẹ́ mu máa ń kọ́ni ní ìtọ́jú tí ò bá iṣẹ́ mu.

Ẹ jẹ́ ká fi “àwo” sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwo oúnjẹ ló kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn. “Ìgé” ni ìjà mi wà fún. Pátákó yìí kì í gé ohunkóhun. Dáì, ìyẹn irin tí wọ́n ṣe ní àwòrán ohun tí a fẹ́ gé, ló ń gé. Òun ló ní ẹnu mímú. Tí ẹnu dáì bá ti la bébà já, pátákó ló ń gbà á dúró, bí ìtì alápatà ṣe ń gba àdá. Ẹni tó bá gbọ́ “àwo ìgé” á máa retí pé kí ó mú. Nígbà tó bá rí i tí ojú rẹ̀ ti kún fún ilà funfun, á ní ó ti bàjẹ́, á sọ ọ́ nù, á tún ná owó mìíràn. Bẹ́ẹ̀, gbígba ilà yẹn ni iṣẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, “agbabẹ” ni mo dábàá: ohun tó ń gba abẹ. Ẹ ṣọ́ àmì ohùn rẹ̀ o. Bí ẹ bá kọ ọ́ ní “agbábẹ”, ẹ ti sọ ọ́ di ẹni tó ń gbá abẹ kiri bí agbábọ́ọ̀lù.

Ní ti “ìtẹ́lẹ̀”, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń to nǹkan sínú ẹ̀rọ Big Shot ti ilé iṣẹ́ Sizzix nígbà tí a bá ń lo dáì irin pélébé. Pẹpẹ ló máa wà nísàlẹ̀, èyí tó ní ewé tí a ń ṣí tàbí tí a ń pa dé kí gbogbo rẹ̀ lè nípọn tó. Agbabẹ kan á tẹ̀ lé e. Dáì á wà lórí rẹ̀, ẹnu mímú rẹ̀ á kọjú sókè. Bébà á bo dáì, agbabẹ kejì á sì bo bébà. Tí a bá yí ọwọ́ ẹ̀rọ, rólà méjì á fún gbogbo rẹ̀ láàárín, á ti ẹnu kejì jáde. Àtòlé ni mo máa ń pe ohun tí a tò léra wọn bẹ́ẹ̀. Nínú àtòlé yìí, ti òkè ni ẹnu dáì ń jẹ. Ẹ̀yìn dáì tó tẹ́jú ló dojú kọ ti ìsàlẹ̀. Báwo wá ni ohun tó wà lókè pátápátá ṣe fẹ́ jẹ́ ìtẹ́lẹ̀?

Ibẹ̀ náà ni ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ra agbabẹ méjì tuntun, ẹ fi máákà tí kì í parẹ́ kọ “Ò” sí igun ti òkè, kí ẹ sì kọ “Ì” sí ti ìsàlẹ̀. Ẹ má pààrọ̀ wọn. Ti òkè á máa gba ọgbẹ́, ti ìsàlẹ̀ á máa dán fún ìgbà pípẹ́. Ìdí tó fi ṣe pàtàkì ni pé ilà tó bá ti jìn máa ń yọ lára káàdì tí a bá tẹ̀ mọ́ ọn, pàápàá káàdì tó nípọn tó sì dán. Tí iṣẹ́ bá gba pé kí káàdì kan agbabẹ tààrà láìsí gígé, agbabẹ “Ì” ni kí ẹ jẹ́ kó kàn.

Ọ̀rọ̀ títẹ̀kọrọ ló ń dààmú àwọn èèyàn jù. Wọ́n á ní agbabẹ àwọn ti tẹ̀ bí ọrun, ilé iṣẹ́ sì ti rẹ́ àwọn jẹ. Rárá o. Nígbà tí ẹnu dáì bá wọ inú rọ́bà, kì í kó rọ́bà kúrò, ńṣe ló ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ilà bá ti pọ̀ lójú kan, ojú yẹn á fẹ̀ ju èkejì lọ, pátákó á sì yọ ikùn síhà ibi tí ilà wà. Oògùn rẹ̀ ò le: ẹ máa yí i dé lẹ́yìn gígé kọ̀ọ̀kan, kí ojú méjèèjì jọ máa gba ọgbẹ́. Èyí tó bá ti tẹ̀, ẹ fi í sínú ẹ̀rọ kí ikùn tó yọ wà lókè, rólà á máa tẹ̀ ẹ́ padà díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, ẹ má sì sá a sóòrùn. Ooru ló ń ba ohun tí ọgbẹ́ ò bà jẹ́. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò tí oòrùn ń pa.

Ibi tí ẹ ń gbé dáì sí náà ní ipa tirẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé e sí àárín gbùngbùn nígbà gbogbo á gbẹ́ kòtò síbẹ̀, tó bá sì ṣe díẹ̀, dáì ò ní gé dé ìdí mọ́ níbẹ̀. Ẹ máa ṣí i nípò. Bí dáì bá jẹ́ onígun mẹ́rin, ẹ gbé e dagun díẹ̀, kí rólà má bàa kan gbogbo etí gígùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ ẹ̀rọ á fúyẹ́, agbabẹ ò sì ní gba ìkọlù òjijì.

Agbabẹ máa ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀ nígbà tó bá ń kọjá. Ìyẹn ò burú. Àmọ́ bí ọwọ́ ẹ̀rọ bá kọ̀ tí kò yí mọ́, ẹ yí i padà sẹ́yìn, kí ẹ wo ohun tó wà nínú àtòlé. Àṣejù tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n á fi pẹpẹ sábẹ́ dáì onífóòmù tó nípọn bíi mìlímítà 16, tí abẹ rẹ̀ fara pamọ́ sínú fóòmù. Dáì bẹ́ẹ̀ ò fẹ́ pẹpẹ. Agbabẹ kan nísàlẹ̀ àti ọ̀kan lókè ti tó o. Ẹni tó bá fagídí yí i, bóyá kí agbabẹ là, bóyá kí eyín ẹ̀rọ kán.

Tí ibì kan ò bá gé tán, bébà fọ́tókọ́pì kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ́kọ́ fi kún àtòlé. Ẹ dán an wò kí ẹ tó fi èkejì kún un. Orúkọ tí mo ní fún bébà yìí ni “adíàlàfo”, torí àlàfo ló ń dí. Ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ tó yí dáì padà, torí adíàlàfo tí a gbàgbé sínú ẹ̀rọ ló ń fọ́ fódà ìtẹ̀yọ.

Ìtẹ̀yọ ni mo sọ yẹn o, n kò sọ òǹtẹ̀. A ti máa ń lu ìwé ní òǹtẹ̀, tàdáwà ló sì ń sọ síni lọ́kàn. Èyí ò ní tàdáwà: fódà rọ́bà aláwẹ́ méjì ló ń há káàdì mọ́ àárín, awẹ́ kan yọ, èkejì kó sínú, káàdì á sì yọ síta láàárín wọn. Bí káàdì bá ń ya lójú ìtẹ̀yọ, ẹ wọ́n omi fínnífínní sí i kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Fífọ̀ ò pọ̀ lọ́rọ̀. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ á gbá fọ́nrán bébà kúrò nínú ilà. Ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ á mú àtè sẹ́lótéèpù kúrò. Tíínà àti asitóònù ò gbọ́dọ̀ kàn án, rọ́bà náà á sán wẹ́wẹ́.

Ìgbà wo ni a ó wá jù ú nù? Nígbà tó bá ti là láti etí. Ẹ̀là náà á máa gùn sí i, èérún rẹ̀ sì lè ta síni lójú.

Ẹ tún wo “agbabẹ” níbòmíràn. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn kan ń fi sínú àtòlé nítorí dáì tó ní iṣẹ́ wẹ́wẹ́, bí ẹnu dáì bá dojú kọ ọ́, agbabẹ onírin ni. Pátákó tí àwọn tó ń fi ọ̀bẹ bébà gé nǹkan ń tẹ́ sórí tábìlì, agbabẹ náà ni. “Àwo ìgé” ò lè ṣiṣẹ́ yẹn. Ní ti dáì, àwọn atẹ̀wé Ṣómólú ti sọ ọ́ di tiwa. N kò rí ìdí tí a ó fi máa wá orúkọ mìíràn fún un. “Fódà” nìkan ni ọkàn mi ò tíì balẹ̀ sí. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó mú un wá, ṣùgbọ́n kí ó rántí pé awẹ́ méjì ni, kí orúkọ náà lè gbé méjèèjì.