API iye owó ọjà ń sọ pé òun ò rí ọjà tó wà níwájú mi

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ń ta èlò ilé n'Íbàdàn. Mo fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa bá mi wo iye tí ilé ìtajà ńlá kan ń ta ọjà, torí ó ti sú mi láti máa ṣí ojú ewé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fún mi ní API key, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ tí ètò mi fi ń béèrè iye owó lọ́wọ́ API (ọ̀nà tí ètò kọ̀ǹpútà kan ń gbà bá òmíràn sọ̀rọ̀) wọn, mo sì fi èdè Python kọ ètò náà: pandas, irinṣẹ́ Python tó ń ka tábìlì, ń ka barcode (nọ́ńbà ara ọjà) láti inú fáìlì CSV, requests, irinṣẹ́ tó ń ránṣẹ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ń béèrè iye rẹ̀.

Èyí tó pọ̀ jù ń jáde dáadáa. Àmọ́ gbogbo barcode tó fi 0 bẹ̀rẹ̀, 404 ni, ìyẹn “a ò rí i”. Tí mo bá fọwọ́ tẹ nọ́ńbà kan náà sínú browser, wéré ló jáde! Nígbà tí mo ní kó tẹ̀ ẹ́ síta, barcode oní-díjíìtì 12 ti di 11. Àbí pandas ló ń jẹ òdo iwájú ni? Báwo ni mo ṣe máa ní kó kà á bí ọ̀rọ̀, kì í ṣe bí nọ́ńbà?

Ẹ dákun, ọ̀kan péré ló kù: ọjà ₦1,850, API ń kọ 185000. Ṣé kọ́bọ̀ ni? Paystack tó ń bá oníṣòwò gba owó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì náà máa ń fi kọ́bọ̀ ka owó, ìyẹn ló jẹ́ kí n fura.