Níbo ni ìwé ìsìnkú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ní Ọ̀tà wà?

Mo ń wá orúkọ àwọn tí wọ́n sin sínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà àtijọ́ kan ní Ọ̀tà, láti 1854 tí CMS (Church Missionary Society, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì) rán James White, ọmọ Sàró, wá sí ìlú náà, títí di òpin ọ̀rúndún yẹn. Ìyá àgbà mi sọ fún wa pé ibẹ̀ ni bàbá bàbá òun wà. Àwọn ẹbí fẹ́ sin ín sínú ilé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà, kí òkú má bàa jìnnà sí ọmọ, ṣùgbọ́n àwọn onígbàgbọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ìjà ọjọ́ náà ni ìdílé wa ṣì ń rántí ju orúkọ ìjọ tí wọ́n fún un lọ.

Mo ti débẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ibojì tó pẹ́ jù kò ní àkọlé, òkìtì yangí lásán ni wọ́n. Ìwé ìsìnkú tó wà lọ́wọ́ ìjọ kò dé ayé White. Mo wo àwọn ìwé CMS ní ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Ìbàdàn, lẹ́tà àti ìròyìn iṣẹ́ nìkan ni mo sì bá pàdé. Mo mọ̀ pé àwọn mìíràn wà ní Yunifásítì Birmingham, ṣùgbọ́n n kò lè kọ̀wé síbẹ̀ láìmọ ohun tí n ó béèrè.

Ẹ jọ̀wọ́, ǹjẹ́ àwọn ìjọ CMS ayé ìgbà náà máa ń fi ẹ̀dà ìwé ìsìnkú wọn ránṣẹ́ sí Èkó tàbí Lọ́ńdọ̀nù? Bí wọ́n bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, abẹ́ àkọlé wo ni kí n ti wá ti Ọ̀tà?