Ojú irin tó wà lábẹ́ omi

Ẹ̀yin ará, ìrírí tèmi rèé. Brooklyn, ní ìlú New York, ni mò ń gbé, ọdún kẹtàlá rèé, mi ò sì bi ara mi léèrè rí pé níbo ni omi ẹ̀rọ tí mò ń mu ti ń wá. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ní ká lọ nasẹ̀ lẹ́bàá adágún Ashokan, níbi àwọn òkè Catskill, lórí ojú irin àtijọ́ tí wọ́n sọ di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ní 2019. Kí n tó lọ, mo gba máàpù ibẹ̀ kan lọ́dọ̀ USGS, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ya máàpù ilẹ̀, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ọ̀fẹ́ ni.

Mo wá adágún títí, mi ò rí i. Mo ní bóyá mo ti ṣi máàpù gbà. Àfonífojì lásán ni: odò Esopus ní búlúù, ojú irin Ulster & Delaware bí egungun ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ilé wẹ́wẹ́ bíi kóró ata ní Olive Branch, ní West Shokan.

Àwọn ìlà rúsúrúsú tó ń fi gíga ilẹ̀ hàn ló là mí lójú. Ẹsẹ̀ bàtà 20 ló wà láàárín ìlà kan sí èkejì, ojú omi Ashokan sì wà ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 587 sókè ojú òkun. Mo tẹ máàpù náà sórí ìwé, mo fi bírò tọ ìlà 580, tó sún mọ́ ọn jù. Bí mo ṣe tọ̀ ọ́ yí ká, adágún ló yọ síwájú mi! Ilé tó bá wà nínú bírò, ó ti lọ nìyẹn. Nǹkan bí 2,000 ènìyàn ni wọ́n kó kúrò nítorí omi ìlú New York, wọ́n hú òkú tó lé ní 2,000, wọ́n gbé ojú irin lọ sókè. Ní 1913 ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Ọ̀rẹ́ mi ní omi náà mà rẹwà o. Ó rẹwà lóòótọ́. Èmi ń wo fóònù, mò ń wá ibi tí tésàn ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ wà.

*

Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀gbọ́n. Tíṣà Jọ́gíráfì ni mí. Òwú la fi ń kọ́ àwọn ọmọ WAEC láti wọn ojú irin lórí máàpù: wọ́n á fi itọ́ rin ín, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo kọ́nà, wọ́n á wá nà án sórí sikéèlì. Ọmọ kan wọ̀n ọ́n tán, ó ní kìlómítà 60, lórí máàpù tí ìbú rẹ̀ kò ju 20 lọ. Mo ní kó tún un ṣe lójú mi. Àṣé ìlà gíga ilẹ̀ ló ń tọ̀, ó ń fi òwú yí òkè po!