Jíìnì wo ni kí n fi ṣe òṣùwọ̀n fún àrọ̀ tí ọ́ksíjìn omi rẹ̀ dín?

Ọmọ Kàbà: Ọ̀kun o, ẹ̀yin àgbà. Mo pín àrọ̀ sí ọ̀nà méjì, mo dín ọ́ksíjìn omi apá kejì kù. Ẹ̀dọ̀ wọn ni mo ń yẹ̀ wò. qPCR (ìlànà tó ń sọ DNA di púpọ̀ láti wọn bí jíìnì ṣe ń ṣiṣẹ́ tó) ni mo lò. GAPDH, jíìnì tí mo fi ṣe òṣùwọ̀n, mú Cq (iye ìyípo kí ẹ̀rọ tó rí i; bó bá kéré, ó pọ̀ nìyẹn) 19.2 wá lápá kìíní, 17.7 lápá kejì. Ṣé kí n máa bá a lọ?

Ará Mọ̀pà: Ọ̀kun, àbúrò. Má bá a lọ. GAPDH wà lára àwọn tó ń fọ́ súgà; bí ọ́ksíjìn bá ti dín, HIF-1, èròjà ara tó ń jí àwọn jíìnì kan nígbà náà, á gbé e sókè. Cq 1.5 tó lọ sílẹ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta. Kóńgò ńlá lo fi ń wọn ìrẹsì apá kejì: ìrẹsì kò dín, iye kóńgò ló dín. Àmọ́ kọ́kọ́ rí i dájú pé RNA tó wọlé dọ́gba, microgram 1 fún ẹja kọ̀ọ̀kan, kí 260/280 (ìwọ̀n bí RNA ṣe mọ́ tó) sún mọ́ 2.0. Fi DNase (èròjà tó ń fọ́ DNA) fọ̀ ọ́, kí o sì ní ihò kan tí kò sí reverse transcriptase (èròjà tó ń sọ RNA di cDNA) níbẹ̀. Bí ìyẹn náà bá yọ, DNA ló kù síbẹ̀.

Ìyá Ìsánlú: Jíìnì mẹ́fà sí mẹ́jọ ni kí o dán wò: ACTB, EF1A, RPL8, TUBA, B2M, HPRT1, 18S. Má fi RPL13A kún RPL8 o. Àwọn méjèèjì jọ ń lọ sókè sódò ni, geNorm, ètò kọ̀ǹpútà tó ń wo jíìnì tó dúró ṣinṣin, á sì rò pé wọ́n dúró ṣinṣin. 18S pọ̀ jù, oligo-dT (ègé DNA kékeré tó ń so mọ́ ìrù A lára RNA) kì í sì í mú un dáadáa. Random hexamer, tó ń so mọ́ ibikíbi, ni kí o lò fún un.

Bu omi la cDNA lọ́nà mẹ́wàá-mẹ́wàá, ìpele márùn-ún, fún primer (ègé DNA tó ń dá jíìnì mọ̀) kọ̀ọ̀kan. Kí slope (ìdagun ìlà Cq) wà láàárín -3.6 sí -3.1. Wo melt curve (ìlà tó ń fi bí DNA ṣe ń yọ́ hàn) pẹ̀lú: ọ̀pọ̀ jíìnì ẹja ló ní ẹ̀dà méjì, orí méjì lórí rẹ̀ ti ba iṣẹ́ jẹ́.

Lẹ́yìn náà, geNorm: M (ìwọ̀n àìdúróṣinṣin jíìnì) kò gbọdọ̀ ju 0.5 lọ. Bí V2/3 (ìyàtọ̀ tí fífi jíìnì kẹta kún méjì mú wá) bá kéré sí 0.15, jíìnì méjì tó. Fi NormFinder, ètò kọ̀ǹpútà mìíràn, yẹ̀ ẹ́ wò, torí òun ló ń wo ìyàtọ̀ láàárín apá méjèèjì. Geometric mean ni kí o fi pa wọ́n pọ̀.

Ọmọ Kàbà: Ẹ ṣé, mà. Iná ńkọ́? Fíríìjì ò dá wa lójú níbí.

Ará Mọ̀pà: RNAlater, omi tí wọ́n fi ń pa RNA mọ́. Gé ẹ̀dọ̀ kéré sí ìdajì sẹ̀ǹtímítà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní wọ inú. Ọ̀sẹ̀ kan ló lè lò ní 25°C. Bí oòrùn bá mú un dé 37°C, ọjọ́ kan péré.

Ọmọ Kàbà: Primer GAPDH tí mo rà ńkọ́?

Ìyá Ìsánlú: Fi í sáàárín àwọn tí o fẹ́ dán wò. Wàá rí i nísàlẹ̀ pátápátá lára àwọn tó dúró ṣinṣin.