Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ilé àtijọ́ kan ní Suffolk

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi àti ọkọ mi fẹ́ ra ilé kan ní abúlé tí kò jìnnà sí Lavenham. Ilé onígi àtijọ́ ni, Grade II (ilé àtijọ́ tí òfin dáàbò bò), ìdílé kan náà ló ti ń gbé inú rẹ̀ láti ìrandíran, wọ́n sì tún un ṣe kí wọ́n tó gbé e sọ́jà. Ó wù mí dénú.

Àtúnṣe yẹn ló ń kọ mí lóminú. Bí wọ́n bá yí irú ilé bẹ́ẹ̀ padà láìgba àṣẹ káńsù, ẹni tó rà á ni wọ́n lè ní kó dá a padà sí bó ṣe wà. Ẹni tó ń tà á ní òun gba àṣẹ, ṣùgbọ́n ìwé tí mo rí kò mẹ́nu ba fèrèsé tuntun tó wà lẹ́yìn ilé. Mo tún rí sìmẹ́ńtì lára ògiri ìdáná. Lime (ẹfun tí wọ́n ń pò fi rẹ́ ògiri) ló yẹ kí wọ́n fi rẹ́ ẹ, torí sìmẹ́ńtì kì í jẹ́ kí ọ̀rinrin jáde, igi inú ògiri á sì máa jẹrà.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti ra irú ilé yìí rí? Ṣé lọ́yà ló máa bá wa wá ìwé àṣẹ náà, àbí kí n kọ̀wé sí káńsù fúnra mi? Báwo lẹ sì ṣe rí surveyor (ẹni tó ń yẹ ilé wò kí a tó rà á) tó mọ ilé onígi dunjú?