Ìgbà mélòó ni ẹ ń fi bíléèdì kan fárùngbọ̀n kí ẹ tó jù ú nù? Ẹ wá sọ ìrírí yín

Ojú Dídán:
Ẹ kú dédé ìwòyí o, ẹ̀yin ará. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń lo sítíìkì onírin tí a ń ki bíléèdì olójú méjì sí. Ọ̀rẹ́ mi kan ló sọ fún mi pé bíléèdì kan ń lo oṣù kan gbáko lọ́wọ́ òun, èmi sì ń ju tèmi nù láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ni mo bá lẹ bébà mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù balùwẹ̀. Bí mo bá ti fárùngbọ̀n tán, màá fa ìlà kan síbẹ̀.

Irùngbọ̀n mi le, ó sì ki, ọjọ́ méjì-méjì ni mo sì ń fá a. Feather tí wọ́n ń ṣe ní Japan ló mú jù nínú gbogbo èyí tí ọwọ́ mi ti kàn, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo sì ń lò ó. Astra aláwọ̀ ewé kò mú tó o, ṣùgbọ́n ó máa ń gbé mi dé ìgbà keje láìyíwà padà. Èyí yà mí lẹ́nu gan-an, nítorí mo ti gbà pé èyí tó bá mú jù ni yóò pẹ́ jù. Bóyá ohun tó fà á ni pé èyí tó mú gan-an, bó bá ti sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ báyìí, ara mi ti mọ̀.

Mo tún kíyè sí i pé ìgbà kejì máa ń dùn ju ìgbà àkọ́kọ́ lọ. Bíléèdì tuntun máa ń rorò díẹ̀ sí mi lára. Ẹ̀yin ńkọ́? Irú irin wo, irú irun wo, ìgbà mélòó?

Awọ Ẹlẹgẹ́:
Ẹ̀ẹ̀kan péré. Bí mo bá fi lé ẹ̀ẹ̀kejì, ọrùn mi á pọ́n títí di ìrọ̀lẹ́. Mo ti gba kámú lórí ìyẹn.

Irun Wíwé:
Ẹ̀gbọ́n Ojú Dídán, ká ní mo ní irú bébà yẹn ni, ì bá ti gbà mí lọ́wọ́ ìyà. Irun tèmi wé, ó sì nípọn. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ìgbà mẹ́wàá ni mo ń fi bíléèdì kan fá, mo sì gbà pé mò ń ṣe dáadáa. Àṣé bíléèdì tó ti kúnu kì í gé irun mọ́, ńṣe ló ń fà á. Nítorí pé ó ń fà á, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ mọ́ awọ. Síbẹ̀ náà, irun á ṣẹ́ kù, màá tún gba ojú ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin. Kó tó di oṣù kejì, kókó ti sú bo gbogbo abẹ́ àgbọ̀n mi, irun ń hù padà sínú awọ, bí mo bá sùn lé ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń ta mí. Mo ní láti pa fífá tì fún oṣù kan kí ọrùn mi tó balẹ̀.

Ìgbà tí mo padà, ọ̀nà tí irun ń gbà hù nìkan ni mo ń bá a lọ, n kì í tẹ ọwọ́ mọ́ ọn, n kì í sì í lò ó kọjá ẹ̀ẹ̀mẹta. Kì í ṣe pé bíléèdì náà ti kú pátápátá ní ìgbà kẹta o. Mo kàn mọ ibi tí wàhálà tèmi ti ń bẹ̀rẹ̀ ni.

Orí Kodoro:
Orí ni mo ń fá, ẹ̀ẹ̀mejì ni tèmi, bó bá pọ̀ jù ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ sáà wo bí orí ṣe fẹ̀ ju àgbọ̀n lọ.

Ohun kan tí mo pẹ́ kí n tó mọ̀: àwọn bíléèdì kan ní nọ́ńbà 1, 2, 3, 4 ní igun wọn. Mi ò mọ ohun tí wọ́n wà fún. Ojú kan náà ni mo ṣáà fi ń bẹ̀rẹ̀ láti ìpàkọ́, níbi tí irun ti ki jù, ojú yẹn á ti kú nígbà tí èkejì ṣì mú bí ìgbà tí mo tú u. Ní báyìí, mo ń wo nọ́ńbà yẹn kí n tó ki í bọ sítíìkì. Ojú tó bá gba ìpàkọ́ lónìí, iwájú ni yóò gbà nígbà mìíràn. Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa dé ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ọmọ Kábọ́ọ̀nù:
Ẹ̀yin tí ẹ ń lo sténlẹ́ẹ̀sì, irin tí kì í tètè dógùn-ún, ẹ má gbàgbé wa o. Irin kábọ́ọ̀nù ni mo fẹ́ràn, ó rọ̀ mí lọ́rùn ju gbogbo wọn lọ. Àmọ́ irin yìí kì í fẹ́ rí omi. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lò ó, mo fi í sílẹ̀ sínú sítíìkì bí mo ṣe ń ṣe èyí tó kù. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, ojú rẹ̀ ti pupa, ó ti dógùn-ún. Bí mo bá fá tán báyìí, mo ń yọ ọ́, mo ń ṣàn án nínú ọtí sípírítì, màá wá gbé e sórí bébà kó gbẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń ṣe fún mi, ẹ̀ẹ̀mẹrin bí ọjọ́ bá dáa.

Irú irin báyìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn lò láti 1903, tí Gillette ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta bíléèdì olójú méjì. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni ilé iṣẹ́ Wilkinson Sword gbé sténlẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi èròjà bo ojú rẹ̀ jáde, àwọn èèyàn sì rí i pé ó ń pẹ́ ju ti kábọ́ọ̀nù lọ dáadáa. Bàbá bàbá mi máa ń fi ìka tẹ bíléèdì mọ́ inú ife gíláàsì, á máa fà á lọ fà á bọ̀, kó lè tún mú. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó fi ìgbà kan lé e fún mi, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹlẹ́sẹ̀ Dídán:
Ẹ jẹ́ kí obìnrin náà sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ ni mo ń fá, irun ibẹ̀ sì fẹ́lẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá kì í ṣe ìṣòro fún bíléèdì mi. Àṣìṣe tí mo ṣe ni pé mo máa ń fi tówẹ̀lì nu ojú rẹ̀ kí omi lè tán lára rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré ni bíléèdì ń ṣe fún mi nígbà yẹn, mo sì gé ìka mi lọ́jọ́ kan. Mo ti jáwọ́. Mo ń gbọn omi dànù, mo sì gbé sítíìkì kúrò níbi tí omi ìwẹ̀ ti ń ta sí i.

Alágbẹ̀dẹ:
Iṣẹ́ irin ni mo ń ṣe, mo sì máa ń pọ́n ọ̀bẹ, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń jẹ mí lọ́kàn. Irin bíléèdì le tó ìlọ́po 50 irun. Báwo wá ni irun ṣe ń pa á? Lọ́dún 2020, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà gbé irun àti bíléèdì sábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkan-tóbi, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde. Kì í ṣe pé ojú rẹ̀ kàn ń jẹ díẹ̀díẹ̀ bí òkúta tí omi ń ṣàn lé lórí. Bí irun bá tẹ̀, tó sì dojú kọ bíléèdì ní ìdàgẹ̀rẹ̀, ó lè kán èérún irin jáde níbi tí irin náà kò bá ti dọ́gba nínú. Níbi tó bá ti kán, ojú abẹ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Kíkà tí mo ka èyí ló yí ìṣe mi padà. Tẹ́lẹ̀, ọṣẹ ni mo kàn ń fi pa irùngbọ̀n gbígbẹ, màá sì bẹ̀rẹ̀. Bíléèdì ò kọjá ẹ̀ẹ̀mẹrin. Irun tó ti mumi máa ń rọ̀, ó sì rọrùn láti gé. Ní báyìí, lẹ́yìn ìwẹ̀ ni mo ń fá, tàbí kí n fi aṣọ tí mo rì bọ omi gbígbóná bò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Irú bíléèdì kan náà, ẹ̀ẹ̀mẹfà sí ẹ̀ẹ̀meje. Mi ò fi ohunkóhun mìíràn kún un.

Irun Wíwé:
Ẹ̀gbọ́n Alágbẹ̀dẹ, ẹ ṣeun gan-an. Mo ń ṣe ti omi gbígbóná yẹn, ọrùn mi sì ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni mo fi í mọ.

Ojú Dídán:
A kì í fárí lẹ́yìn olórí, àbúrò. Ọrùn tìrẹ ló máa sọ iye tó tó.

Mo ti gbìyànjú ti Alágbẹ̀dẹ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Astra tó wà nínú sítíìkì mi ti gba ìlà mẹ́sàn-án lórí bébà, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Láàárọ̀ yìí, mo gbọ́ ọ lábẹ́ imú: ìró rẹ̀ yí padà, ó sì fa irun kan. Mo yọ ọ́, mo sọ ọ́ sínú agolo tí mo ń kó àwọn tó ti kú sí, mo sì fi òmíràn sí i kí n tó kan àgbọ̀n.